Ìwé ìwúrí Kristẹni láti Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ: ibi tó ti ń bàjẹ́ kó tó dé ọwọ́ òǹkàwé

Ẹ gbé ìwé ìwúrí kan lórí tábìlì tí wọ́n ń tẹ́ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn, ì báà ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde, ì báà ṣe ní Ṣágámù tàbí Ìkẹ́nnẹ́. Ẹ má tíì ka àkọlé rẹ̀. Ẹ ṣí i láàárín gbùngbùn, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ewé méjì bá yọ lé yín lọ́wọ́, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: òǹkọ̀wé bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ púpọ̀, kò bá atẹ̀wé sọ̀rọ̀ tó. Ẹ ṣí ojú-ìwé mìíràn. Bí ẹ bá rí àpótí kékeré òfìfo níbi tó yẹ kí ẹ ti rí ẹ́ tàbí ọ̀, ẹni tó ṣètò ọ̀rọ̀ náà lórí kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé Yorùbá lòun ń tẹ̀.

Ọ̀rọ̀ inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè dùn gan-an. Àwọn tó ń kọ ọ́ lọ́dọ̀ wa, olùṣọ́-àgùntàn, ìyá ìjọ, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, púpọ̀ nínú wọn ní ohun gidi láti sọ, owó àpò ara wọn ni wọ́n sì fi ń tẹ̀wé. Ìmísí kọ́ ni kò tó. Láàárín ìwé àfọwọ́kọ àti tábìlì ẹnu ọ̀nà yẹn ni nǹkan ti ń bàjẹ́, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò lónìí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìwé pélébé kò lè ṣe nǹkan ńlá ní ilẹ̀ yìí. Ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn influenza ń pa ènìyàn káàkiri, ẹgbẹ́ àdúrà kan bẹ̀rẹ̀ nínú ìjọ Áńgílíkà St Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde. Joseph Shadare wà lára aṣáájú wọn, Sophia Odunlami tó jẹ́ olùkọ́ sì wà pẹ̀lú wọn. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni wọ́n wá ń jẹ́. David Odubanjo ní Èkó ló rí ìwé ìròyìn ẹ̀sìn tí ìjọ Faith Tabernacle ń tẹ̀ jáde ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, ìwé náà sì dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Ìjẹ̀bú. Wọ́n rí i pé ohun tí àwọn fúnra wọn ti gbà gbọ́ nípa ìwòsàn àti ìrìbọmi ló wà níbẹ̀. Ìwé àti lẹ́tà ló so wọ́n pọ̀ mọ́ ará òkèèrè yẹn. Ní 1922 wọ́n kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà lórí ọ̀rọ̀ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́, wọ́n sì wá di ọ̀kan lára gbòǹgbò ìjọ tí a mọ̀ sí CAC (Christ Apostolic Church) lónìí. Ìwé ìròyìn ni mo ní o, kì í ṣe ìwé aláwọ̀ mèremère tó nípọn bíi bíríkì.

Èdè wo ni kí ẹ fi kọ ọ́? Yorùbá. Ìwé ìfọkànsìn ojoojúmọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì ti kún ilẹ̀, àwọn ìjọ ńlá ń tẹ̀ ẹ́ lọ́dọọdún, iye tí wọ́n ń tẹ̀ sì mú kí owó tiwọn kéré sí tiyín. Ẹni tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ rántí ni àgbàlagbà tó ń ka Yorùbá dáadáa, tí ojú rẹ̀ kò gba lẹ́tà kéékèèké mọ́. Ìwé tí lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n 13 tàbí 14 ló ń wá. Ẹ kọ ọ́ fún un.

Kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ẹ mú iye ojú-ìwé. Ó dà bí ohun tí kò bá ẹ̀mí mu, àmọ́ òun ló ń pinnu bí ọ̀rọ̀ yín á ṣe gùn tó. Ẹ jẹ́ ká mú ìwọ̀n A5, mìlímítà 148 sí 210, èyí tó wọ báàgì tó sì rọrùn láti dì mú. Bébà ńlá tí àwọn atẹ̀wé ń pè ní RA1 (mìlímítà 610 sí 860) gba ojú-ìwé A5 16 lójú kan, 32 lójú méjèèjì. Ojú-ìwé 96 jẹ́ bébà 3 géérégé. Ojú-ìwé 128 jẹ́ 4. Bí ẹ bá wá mú 100 wá, ojú-ìwé 4 tó lé yẹn á gba pléètì tirẹ̀ (páànù tí ẹ̀rọ fi ń tẹ ọ̀rọ̀ sórí bébà) àti àkókò ẹ̀rọ tirẹ̀. Atẹ̀wé á ní kò burú, ẹ̀yin lẹ ó sanwó rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré ni púpọ̀ ilé ìtẹ̀wé agbègbè wa ń lò, wọ́n á gé bébà ńlá náà sí mẹ́rin kó tó wọlé; níbẹ̀, ohun tó bá ṣeé fi 8 pín ló máa ń bá wọn lára mu.

Fún ẹ̀dà 1,000 ìwé olójú-ìwé 96, ìṣirò rẹ̀ nìyí: bébà 3 lọ́nà 1,000 jẹ́ 3,000. Ríìmù kan jẹ́ 500, nítorí náà ríìmù 6. Ẹ fi bíi bébà 150 kún un fún èyí tí ẹ̀rọ máa bàjẹ́ kí yíǹkì tó dọ́gba. Ẹni tó bá ka ríìmù 8 fún yín fún iṣẹ́ yìí, ẹ ní kó ṣàlàyé.

Ìwé ìfọkànsìn ọjọ́ 31 ni mo máa ń dámọ̀ràn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ojú-ìwé 40 ló máa jẹ́: àkọlé 1, ojú-ìwé ẹ̀tọ́ àdàkọ 1, ọ̀rọ̀ ìṣáájú 2, bí a ṣe ń lo ìwé náà 1, ọjọ́ 31, lẹ́yìn náà 4 fún orin, àdúrà àti ibi tí òǹkàwé á kọ nǹkan sí. Lẹ́tà oníwọ̀n 13 pẹ̀lú àlàfo tó dára á gba nǹkan bí ọ̀rọ̀ 200 lójú-ìwé kan. Ẹ pín in: ẹsẹ Bíbélì bíi 30, ẹ̀kọ́ bíi 140, àdúrà bíi 25, ìlà kan fún ibi kíkà. Ọjọ́ kan, ojú-ìwé kan. Bí ẹ̀kọ́ ọjọ́ kẹsàn-án bá ṣàn wọ ojú-ìwé kejì, gbogbo ọjọ́ tó kù á sún, 40 á di 41, ẹ sì padà sí ọ̀ràn ojú-ìwé tó lé.

Ọ̀pọ̀ ìwé wa, ìwàásù ni tẹ́lẹ̀. Kò burú, ṣùgbọ́n ìwàásù kì í ṣe ìwé. Ẹni tó bá ń sọ ọ̀rọ̀ 120 ní ìṣẹ́jú kan á ti sọ 4,800 láàárín ìṣẹ́jú 40. Bí wọ́n bá tẹ gbogbo rẹ̀ jáde láti orí fóònù, ìdajì rẹ̀ ló yẹ kó kúrò kíákíá: "ẹ wí fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín", "ṣé ẹ ń gbọ́ mi", "Haleluyà yín kò dún". Àtúnsọ náà á lọ. Lórí pẹpẹ, àtúnsọ ló ń mú kí ọ̀rọ̀ wọlé, nítorí etí kò lè padà sẹ́yìn. Ojú lè padà. Ohun tó kù lẹ máa tún tò. Ìwàásù kan tó dára lè di ẹ̀kọ́ ọjọ́ mẹ́wàá, kò yẹ kó di orí kan tó gùn bí ọ̀nà Èkó.

Ẹ wá gbọ́ ti ẹsẹ Bíbélì, nítorí níbẹ̀ ni òǹkàwé tó mọ̀wé ti máa ń pa ìwé dé. Jeremáyà 29:11, nípa èrò àlàáfíà tí Ọlọ́run ní sí wọn, wà nínú bíi gbogbo ìwé ìwúrí. Ẹsẹ 10 tó ṣáájú rẹ̀ kì í sábà sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló sọ pé wọ́n á lo 70 ọdún ní Bábílónì ná. Lẹ́tà sí àwọn ìgbèkùn ni. Fílípì 4:13 bákan náà: ẹsẹ 12 sọ pé Pọ́ọ̀lù ti mọ ebi, ó sì ti mọ àjẹyó. Ẹ ka ẹsẹ mẹ́wàá ṣáájú àti mẹ́wàá lẹ́yìn kí ẹ tó kọ ìlérí lé ọ̀kan lórí. Ẹ̀kọ́ tó jáde látinú gbogbo àyọkà náà máa ń lágbára ju ti ẹsẹ kan tí a já gbà lọ, òǹkàwé tó wà nínú ìṣòro tó ti pẹ́ á sì rí ara rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ yan ìtumọ̀ kan, kí ẹ sì dúró tì í. Nínú Bíbélì àtijọ́, Orin Dáfídì ni ìwé tí àwọn kan lára ìtumọ̀ tuntun ń pè ní Sáàmù. Ẹni tó bá pò wọ́n pọ̀ nínú ìwé kan náà ń da àgbàlagbà láàmú. Ẹ kọ orúkọ ìtumọ̀ náà sí ojú-ìwé ẹ̀tọ́ àdàkọ. Samuel Ajayi Crowther, tí ìtumọ̀ rẹ̀ ti ìwé Róòmù jáde ní 1850, kú ní 1891, ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ kò sí lábẹ́ ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn ìtumọ̀ òde òní ní olóhun. Ẹ ṣí ojú-ìwé kejì Bíbélì yín, ẹ ó rí ohun tí wọ́n gbà láyè. Ìtumọ̀ Bíbélì NIV lédè Gẹ̀ẹ́sì, fún àpẹẹrẹ, gba ẹsẹ 500 láìkọ̀wé béèrè, bí kò bá ti jẹ́ odindi ìwé Bíbélì kan, tí kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́rin, ìyẹn 25%, gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé yín.

Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti 2022 sọ pé iṣẹ́ òǹkọ̀wé wà lábẹ́ ààbò títí 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. John Bunyan, ẹni tó kọ Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́, kú ní 1688. Ẹnikẹ́ni lè tú ìwé rẹ̀ sí Yorùbá, gẹ́gẹ́ bí David Hinderer ti ṣe ní 1866. Oníwàásù Amẹ́ríkà tó wà láàyè, tí ẹ rí ìwé rẹ̀ lórí fóònù, ẹ kò lè tú tirẹ̀ kí ẹ kọ orúkọ yín sí i, kódà bí ẹ bá fi "Ọlọ́run ló fi hàn mí" ṣáájú. Orin náà ń kọ́? Ẹ wo ọdún tí ẹni tó kọ ọ́ kú, kí ẹ sì rántí pé ẹni tó tú u sí Yorùbá náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀.

Ẹ̀rí: ẹ gba àṣẹ ẹni tó jẹ́ ẹ lórí ìwé, kí ẹ yí orúkọ àti àdúgbò padà bó bá jẹ́ ọ̀ràn ilé tàbí àìsàn. Ìlú wa kéré. Bí ẹ bá kọ "arábìnrin kan ní Òde-Rẹ́mọ tó ń ta aṣọ, tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ awakọ̀", ìdajì Òde-Rẹ́mọ ti mọ̀ ọ́n. Ẹ má sì kọ ọ́ bíi pé ẹni tó da oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nù ló nígbàgbọ́ jù. Òǹkàwé kan á ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ kò sì ní sí nílé rẹ̀ nígbà náà.

Ó kan àmì ohùn, èyí tó ń fa orí fífọ́ jù. Ẹ, ọ àti ṣ ní kóòdù tiwọn nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ́, ọ̀ àti àwọn yòókù tó gbé àmì lórí àti nísàlẹ̀ kò ní. Lẹ́tà kan pẹ̀lú àmì tó ń gùn ún ni wọ́n. Fọ́ǹtì (ìrísí lẹ́tà inú kọ̀ǹpútà) tí kò mọ ibi tó yẹ kó gbé àmì náà lé, á sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó yọ àpótí òfìfo. Ẹ lo Gentium, Charis tàbí Noto Serif. Ọ̀fẹ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sì mọ Yorùbá. Lórí fóònù, Gboard ní Yorùbá. Windows náà ní kíbọọ̀dù rẹ̀. Ẹ sá fún fọ́ǹtì Yorùbá àtijọ́ tí wọ́n fi àmì sí ipò lẹ́tà mìíràn: lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ó dára, bó bá dé ilé ìtẹ̀wé, ó di wúruwùru.

Ewu tó tóbi jù ni ìgbà tí ayàwòrán tó ń ṣètò ojú-ìwé bá da ọ̀rọ̀ yín kọ láti Word sínú CorelDRAW, ètò kọ̀ǹpútà tó fi ń ṣe é. Fọ́ǹtì á yí padà láìsọ fún ẹnikẹ́ni, àmì á sì ṣubú. Ìtọ́jú rẹ̀ ni kí ẹ fi PDF ránṣẹ́, kí fọ́ǹtì wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣí PDF náà, ẹ lọ sí Properties, lẹ́yìn náà Fonts: ó yẹ kí ẹ rí Embedded lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ fọ́ǹtì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kó lọ gẹ́gẹ́ bíi document, má ṣe ya fọ́tò ojú-ìwé. Àlàfo láàárín ìlà sì gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, bíi ìlọ́po 1.4 ìwọ̀n lẹ́tà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àmì ìsàlẹ̀ ìlà òkè á kọlu àmì òkè ìlà ìsàlẹ̀.

Àtúnkà: ènìyàn méjì ni. Ọ̀kan mú Bíbélì onítẹ̀wé dání, ìkejì ń ka ìwé yín sókè. Ẹni kan ṣoṣo tó mọ ẹsẹ náà lórí kò lè rí àṣìṣe rẹ̀, ohun tó wà lórí rẹ̀ ló máa kà. Mátíù 14:29 sọ pé Pétérù sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ohùn kan péré tó bá ṣìnà, ó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọ̀kọ̀, ìjọ á sì rẹ́rìn-ín ní àárín àdúrà. Ẹ jẹ́ kí ẹni kẹta yẹ nọ́ńbà orí àti ẹsẹ nìkan wò, kó má ka ohunkóhun mìíràn.

Ìtẹ̀wé. Ṣómólú ní Èkó ni ọ̀pọ̀ ń lọ, bí kò bá jẹ́ Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn, nítorí bébà, pléètì, agéwèé àti adìwé wà lójú kan. Owó lè dín, àmọ́ ẹni méjì-mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ yín á gba ọwọ́ wọn, bó bá sì bàjẹ́, oníkálukú á na ìka sí ẹlòmíràn. Ẹ fi adéhùn sọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo tó máa dáhùn fún gbogbo rẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù lè wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè dúró ti ẹ̀rọ. Fún ẹ̀dà 300 sísàlẹ̀, mo fara mọ́ ti ilé.

Bébà inú: gíráàmù 80. Gíráàmù 60 dín owó kù, àmọ́ ọ̀rọ̀ ojú kejì á máa hàn, àmì ohùn méjì á wá jọ wọ́n lójú àgbàlagbà. Èèpo ìwé: káàdì gíráàmù 250 sí 300, kí wọ́n lẹ láílọ́ọ̀nù tín-ín-rín mọ́ ọn lójú. Ìwé tí kò ju ojú-ìwé 64 lọ, wáyà ni kí wọ́n fi dì í láàárín, kò sí gọ́ọ̀mù tó ń mú ẹ̀yìn tín-ín-rín. Ìwé olójú-ìwé 96 ní ewé 48; ewé gíráàmù 80 nípọn tó bí mìlímítà 0.1, ẹ̀yìn rẹ̀ á jẹ́ bíi 5. Ẹ sọ iye yẹn fún ayàwòrán, kí àkọlé ẹ̀yìn ìwé má bàa wọ́ sí iwájú. Ààlà inú kó má dín ní mìlímítà 20, nítorí gọ́ọ̀mù ń gbé apá kan mì.

Ewé tó ń yọ, ìdí mẹ́ta ló sábà máa ń fà á. Wọn kò ha ẹ̀yìn bébà kó rí ṣákaṣàka kí wọ́n tó fi gọ́ọ̀mù gbígbóná sí i; tàbí gọ́ọ̀mù kò gbóná tó; tàbí okùn inú bébà dá ìbú ìwé dípò kó lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ti ìkẹta yìí rọrùn láti mọ̀: ẹ ya bébà náà lọ́nà méjèèjì, ọ̀nà tó ya tààrà ni okùn ń gbà. Nígbà ọyẹ́, ìwé tí okùn rẹ̀ dábùú á ká kò, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì là.

Ní ti àwọ̀, ẹ ní kí lẹ́tà dúdú inú ìwé jẹ́ yíǹkì dúdú nìkan. Bí ayàwòrán bá fi àwọ̀ mẹ́rin po dúdú, tí pléètì sì yẹ̀ díẹ̀ péré, gbogbo lẹ́tà á ní òjìji. Ẹ béèrè ẹ̀dà àpẹẹrẹ kan tí wọ́n ti dì, tí wọ́n ti gé. Ojú kọ̀ǹpútà kò tó. Ẹ buwọ́ lù ú, kí ẹ mú ọ̀kan dání.

ISBN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé: Ilé Ìkówèésí Orílẹ̀-Èdè Nàìjíríà ló ń fún ni. Ẹyọ nọ́ńbà 13 ló wà nínú rẹ̀ láti 2007, ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 978-978. Bí ìwé bá ní ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá, nọ́ńbà méjì ni. Bó bá tún jáde gẹ́gẹ́ bíi PDF títà, ìkẹta. Ẹ má yá ti ọ̀rẹ́, orúkọ ọ̀rẹ́ ló máa jáde níbi tí wọ́n bá ti wá a. Òfin 1970 sì sọ pé kí ẹni tó tẹ̀wé jáde fi ẹ̀dà 3 ránṣẹ́ sí ilé ìkówèésí náà láàárín oṣù kan. Méjì á wà níbẹ̀, ọ̀kan á lọ sí ilé ìkówèésí Yunifásítì Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ìjọ kò ṣe é, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ọmọ-ọmọ yín á ti rí ìwé náà.

Títà kò gba àlàyé púpọ̀. Ilé ìtàwé á yọ ìdá 30 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún, wọn kì í sì í sanwó àfi lẹ́yìn tí wọ́n bá tà á. Ká ní ẹ̀dà kan ná yín ní ₦1,000, tí ẹ kọ ₦1,500 sí i: bí wọ́n bá yọ 40, ₦900 ló bọ́ sọ́wọ́ yín, ẹ ti jẹ gbèsè kí ẹ tó san owó ọkọ̀. Ẹ kọ iye tó máa gba ti ilé ìtàwé mọ́ra láti ìbẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ máa tà á sí jù. Ìwé ìfọkànsìn oṣù January, ẹ gbé e dé ilé ìtẹ̀wé kí September tó parí, nítorí láti October ni kàlẹ́ńdà ti máa ń gba gbogbo ẹ̀rọ. Ọdún ìbò tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má sì gbé ìfilọ́lẹ̀ Ìjẹ̀bú-Òde sí ọjọ́ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, kò sí ọ̀nà tí ọkọ̀ á gbà wọlé ni.

Lẹ́yìn tí ìwé bá jáde, ẹ fi ẹ̀dà kan sọ́tọ̀ tẹ́nikẹ́ni kò ní tà. Gbogbo àṣìṣe tí òǹkàwé bá pè yín lé lórí, ẹ fi bírò pupa sàmì sí i nínú rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tún un tẹ̀, PDF tuntun tí ẹ ti tún ṣe lẹ máa gbé lọ, kí ẹ sì rí i dájú pé pléètì tuntun ni wọ́n fi ṣe é, nítorí atẹ̀wé tó bá ní ti àtijọ́ lẹ́yìn ilé á fẹ́ lò ó.